Ta Ni Ó Jẹ Èrè Kòkó? Karl Marx, Àwọn Alátakò Rẹ̀ àti Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà

Bahra ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ìlú tí ó wà láàárín Jeddah sí Mẹ́kà, níbi tí àwọn tí ó ń gun ràkúnmí lọ sí Hajj láyé àtijọ́ ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ sinmi. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí yóò mọ̀ pé owó kì í sọnù: bí kò bá sí lápò ẹnì kan, ó wà lápò ẹlòmíràn.

Ní ọdún 2024, iye kòkó ní ọjà àgbáyé fò kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, ohun tí ojú kò rí rí. Ìdílé wa ní oko kòkó kan ní agbègbè Àkànrán lẹ́bàá Ìbàdàn. Bàbá bàbá mi ni ó gbìn ín. Kò sí ẹni tí ó ń gbé oko náà mọ́ nínú wa. Àgbẹ̀ kan ni ó ń bá wa tọ́jú rẹ̀. Bí a bá ta kòkó tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni tiwa, ìdá kan ni tirẹ̀. Lọ́dún náà, ó ránṣẹ́ sí wa pé òun fẹ́ kí á máa pín in ní dọ́gbadọ́gba. Nígbà tí àbúrò mi tẹ̀ mí láago láti Ìbàdàn, mo dá a lóhùn kíákíá pé kò ṣeé ṣe. Ilẹ̀ wa ni, igi wa ni.

Ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, jókòó tì mí. Wọ́n ń kà nípa Karl Marx ní ilé ìwé wọn nígbà náà. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú o, ẹgbẹ́ wo ni àwa wà? Ṣé àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ ni wá ni, àbí àwọn tí ó ń jẹ nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn?" N kò rí ìdáhùn kan fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo wá a dé ibi tí ó ti ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gbé mi padà sí inú oko kòkó kan náà, ní ọdún 1968.

Ohun tí Marx wí

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni Marx. A bí i ní 1818, ó sì kú sí Lọ́ńdọ̀n ní 1883. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Friedrich Engels ni wọ́n kọ ìwé pẹlẹbẹ tí ó dá ẹgbẹ́ kọ́múníìsì mọ̀ fún ayé ní 1848. Apá kìn-ín-ní ìwé ńlá rẹ̀, Das Kapital, jáde ní 1867. Àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń wò kí ó tó kọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye, nítorí pé a mọ ìwọ̀fà. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé owó ni. Kò dín ojú owó kù rárá. Ó lè sìn fún ogún ọdún kí gbèsè náà ṣì dúró digbí. Kò sí ẹni tí kò rí i pé àpò olówó ni iṣẹ́ ìwọ̀fà ń wọ̀. Marx ní ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n pé owó oṣù ni kò jẹ́ kí á rí i. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ láàárọ̀ ti tó láti mú iye tí wọ́n ń san fún un wọlé; iṣẹ́ wákàtí yòókù, ti ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni. Àléékún yìí ni owó fi ń bí owó. Ètò ọrọ̀-ajé tí a gbé ka orí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kápítálísíìmù.

Nítorí náà, lójú Marx, iye owó tí ó wà lápò ènìyàn kọ́ ni ó ń sọ ẹgbẹ́ tí ó wà, bí kò ṣe ohun ìní rẹ̀. Ṣé ó ní ilẹ̀, ẹ̀rọ àti ojú owó? Àbí agbára apá rẹ̀ nìkan ni ó ní láti tà? Ó gbà pé bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn tí ó wà láàárín yóò máa tán lọ, yóò wá ku ẹgbẹ́ méjì tí yóò dojú kọ ara wọn. Ní ti àgbẹ̀, kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé púpọ̀ nínú wọn. Nínú ìwé kan tí ó kọ ní 1852, ó fi àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé wé ọ̀dùnkún tí a kó sínú àpò kan: wọ́n wà lójú kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀, wọn kò sì lè gbẹnu sọ fún ara wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún yìí sọ́kàn.

Kòkó àti Bọ́ọ̀dù

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba òwò kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ní 1947, wọ́n dá àjọ tí yóò máa ta kòkó Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1954, wọ́n pín iṣẹ́ náà fún àwọn Ẹkùn, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn sì ní tirẹ̀, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní Mákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bọ́ọ̀dù nìkan ni ó ní àṣẹ láti ta kòkó sí òkè òkun. Kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò ti kéde iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Àwọn alágbàtà tí ó ní ìwé àṣẹ yóò rà á lóko, wọn yóò gbé e fún Bọ́ọ̀dù, Bọ́ọ̀dù yóò sì tà á ní iye tí ọjà òkè òkun bá gbà. Àlàyé wọn ni pé bí ọjà bá dára, àwọn yóò fi díẹ̀ pamọ́. Bí ọjà bá bàjẹ́, àwọn yóò mú un jáde fi kún owó àgbẹ̀. Lórí ìwé, èmi oníṣirò kò rí àléébù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún tí ọjà dára lẹ́yìn ogun, owó ń wọlé sí Bọ́ọ̀dù, kò sì padà sóko.

Ní 1954 kan náà, P. T. Bauer, onímọ̀ ọrọ̀-ajé tí a bí ní Hungary tí ó sì ń kọ́ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé jáde lórí òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó fi hàn pé owó-orí ni ohun tí Bọ́ọ̀dù ń yọ lára àgbẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Bauer kì í ṣe ọmọlẹ́yìn Marx rárá. Ẹni tí ó fẹ́ kí ìjọba fi ọjà sílẹ̀ fún ọlọ́jà ni. Bí irú rẹ̀ àti àwọn ọmọlẹ́yìn Marx bá wo ìwé owó kan náà, tí àwọn méjèèjì sì wí pé wọ́n ń rẹ́ àgbẹ̀ jẹ, ó yẹ kí á fetí sílẹ̀.

Níbo ni owó náà gbà lọ? Ẹ jẹ́ kí á ṣe òdodo. Ní oṣù kìn-ín-ní 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún kan, iye àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé náà fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tí ó lé ní 811,000. Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Ilé Kòkó alájà 26 parí ní 1965. Owó kòkó wà nínú iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ G. B. A. Coker darí ní 1962 sọ pé apá kan nínú owó Bọ́ọ̀dù ti gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni kọjá sínú òṣèlú.

Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ 1955 yẹn; ẹni ọdún méje ni. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tán, kòkó bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi san owó ilé ìwé tí ó kàn. Nígbà tí yóò fi di ẹni ogún ọdún, ó ti di akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì káńsù kan tí n kò ní dárúkọ.

Ọ̀kẹ́ mẹ́fà

Ní 1965, iye kòkó ní ọjà àgbáyé já wálẹ̀ gidigidi. Ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn ń fi owó pamọ́ dè dé, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ náà lọ sílẹ̀. Ní 1967, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ìjọba sì ń wá owó kiri. Owó-orí kò dín, oríṣiríṣi àfikún ń gorí rẹ̀. Àwọn agbowó-orí ń dènà de àgbẹ̀, àwọn wolé-wolé náà ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ọ̀nà oko kò dára, omi kò sí, àgbẹ̀ kò sì rí ohun tí owó rẹ̀ ń ṣe.

Ní oṣù kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ rọ́ wọ Ìbàdàn, wọ́n gba Mápó lọ. Ìbọn dún, ẹ̀mí ṣòfò. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ ń ṣe gómìnà rẹ̀, gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ E. O. Ayọ̀ọlá. Ṣùgbọ́n ìjà kò tán. Àwọn àgbẹ̀ tí ó kọ ìyà ti di ẹgbẹ́, Tafa Adéoyè, àgbẹ̀ Àkànrán, sì wà níwájú wọn. Ní 1969, Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ nínú rògbòdìyàn náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn àgbẹ̀ já ilé ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀.

Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn lè san lọ́dún. Ọ̀kẹ́ kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún owó ẹyọ, ni wọ́n ń kà sí ṣílè márùn-ún. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè. Owó àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n fi ṣírò gbèsè ìjọba. Ní oṣù kẹwàá 1969, Awólọ́wọ̀, ẹni tí ó ń ṣe kọmíṣánnà ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, lọ bá wọn jíròrò ní Àkànrán. Lẹ́yìn náà, ìjọba dín owó-orí kù sí pọ́n-ún méjì.

Èyí ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Iṣẹ́ bàbá mi ní káńsù ni kí ó máa da orúkọ àwọn tí kò tíì san owó-orí kọ sínú ìwé tí wọn yóò gbé fún àwọn agbowó-orí. Lọ́jọ́ kan, ó kan orúkọ bàbá rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé bí òun bá fò ó, iṣẹ́ bọ́. Bí òun bá kọ ọ́, bàbá òun yóò sùn nínú igbó. Bàbá bàbá mi sùn nínú igbó fún ohun tí ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ó jáde, ohun tí ó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá wọ́n ti san owó oṣù ọmọ òun, kí wọ́n lè mú nínú rẹ̀ san owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀.

Ẹjọ́ àwọn alátakò

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ yìí dán Marx wò. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn àgbẹ̀ wa kì í ṣe ọ̀dùnkún inú àpò. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà; àwọn wọ̀nyí rìn pọ̀, ìjọba ológun sì gbà fún wọn. Marx ṣi àgbẹ̀ gbé. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tí ó ń jẹ èrè kòkó kọ́ ni ó ni ilẹ̀. Àgbẹ̀ ni ó ni ilẹ̀ àti igi. Òṣìṣẹ́ Bọ́ọ̀dù kò ní pódi kòkó kan ṣoṣo.

Níbi yìí ni àwọn onímọ̀ àwùjọ tí ó ta ko Marx ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Max Weber, ọmọ Jámánì tí ó kú ní 1920, ní ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn fi ń ju ẹnìkejì lọ: ọrọ̀, iyì àti agbára òṣèlú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sì í fìgbà gbogbo rìn pọ̀. Àwa Yorùbá mọ èyí. Olówó ọ̀tọ̀, ọlọ́lá ọ̀tọ̀, aláṣẹ ọ̀tọ̀. Weber tún rí i pé ìjà láàárín ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́ lè dá lórí gbèsè tàbí iye ọjà, kò pọn dandan kí ó jẹ́ lórí owó oṣù. Ìjà kòkó bá èyí mu. Ralf Dahrendorf, ọmọ Jámánì mìíràn, kọ ní 1957 pé ohun tí ó ń pín àwùjọ òde òní níyà ni àṣẹ: àwọn kan ń pa á, àwọn kan ń gbà á. Ìyẹn ni Bọ́ọ̀dù àti àgbẹ̀ gan-an.

P. C. Lloyd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó pẹ́ láàárín wa, gbé ìwé jáde ní 1974 lórí bí àwọn Yorùbá ìlú ńlá ṣe ń wo àìdọ́gba. Ó ní wọn kò rí àwùjọ bí ẹgbẹ́ méjì tí ó dojú kọ ara wọn, bí kò ṣe bí àkàbà tí ẹnikẹ́ni lè gùn bí orí bá ràn án lọ́wọ́. Àbí àwa kọ́ ni a ń wí pé ìka kò dọ́gba? Sara Berry, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣèwádìí láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó ní agbègbè Ifẹ̀. Àkọlé ìwé rẹ̀ ti 1985 wí pé àwọn bàbá ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ wọn: èrè oko kì í padà sóko, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò ní padà sóko ni ó ń bá lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Ekeh kọ ní 1975 pé ìlú méjì ni ọmọ Áfíríkà ń gbé pọ̀: ti àwọn ẹbí àti ará ilé rẹ̀, níbi tí ojú ti máa ń tì í, àti ti ìjọba, níbi tí ojú kì í ti í tì í láti mú kí ó lè fún ti àkọ́kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣọlá Akíwọwọ ti Yunifásítì Ifẹ̀ ní tirẹ̀ fi èdè wa gan-an ṣe ìmọ̀ àwùjọ: ó ní àjọbí àti àjọgbé ni okùn tí ó so wá pọ̀, owó sì máa ń já a. Bí mo bá ronú kan bàbá mi àti ìwé orúkọ yẹn, gbogbo wọn ni mo rí níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí ó ń kọ orúkọ fún àwọn tí ó ń gbà, bàbá àti ọmọ ni wọ́n, owó kòkó kan náà ni ó sì sọ ọmọ di akọ̀wé.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí á tètè sin Marx. Gavin Williams, onímọ̀ àwùjọ tí ó ṣèwádìí láàárín àwọn mẹ̀kúnnù Ìbàdàn, kọ ní 1974 pé àwọn àgbẹ̀ mọ ẹni tí ó ń rẹ́ wọn jẹ dáadáa. Ẹbí kò pa ìṣirò rẹ́. Àjọbí mú kí ó dun bàbá mi. Kò dá owó bàbá rẹ̀ padà. Ìdáhùn Marx kò bá ilé wa mu tán, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò ṣeé sá fún: ta ni ó ṣiṣẹ́, ta ni ó kó èrè, àṣẹ wo ni ó fi kó o?

Àwa tí a wà níhìn-ín

Ní àjò tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ Weber hàn kedere. Ní ibi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe rí, èmi àti ẹnì kan jókòó ti tábìlì kan náà, ìwé ẹ̀rí wa dọ́gba, iṣẹ́ wa dọ́gba, owó oṣù rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tèmi. Pásípọ́ọ̀tù ni ó yàtọ̀. Ètò kafala tí ó so àjèjì mọ́ ẹni tí ó gbà á síṣẹ́, ọ̀rọ̀ àṣẹ ni bí Dahrendorf ti wí. Ní oṣù kẹta 2021, ìjọba Saudi tú díẹ̀ nínú okùn náà: òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni lè pààrọ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kan láìsí ìyọ̀ǹda ọ̀gá rẹ̀, bí ó bá tẹ̀lé ìlànà. Àtúnṣe ọdún náà kò kan àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, àwọn awakọ̀ inú ilé àti àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ lóko. Gbogbo wa mọ ìdájọ́ tí a máa ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí bí a bá pàdé lọ́jọ́ Ẹtì. A máa ń sọ pé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ mi kò dúró síbẹ̀. Mo mú bírò, mo ṣe ìṣirò oko Àkànrán bí mo ti ń ṣe ti àwọn oníbàárà mi. Àgbẹ̀ yẹn ni ó ń ro oko, òun ni ó ń ra oògùn, tí ó ń fọ́n ọn, tí ó ń já kòkó, tí ó ń fọ́ ọ, tí ó ń sá a. Kí ni èmi ṣe láti Bahra? Mo jogún. Bí ọjà bá dára, ìdá méjì tèmi yóò wú. Bí ọjà bá bàjẹ́, ebi kò ní pa mí, òun ni ebi yóò pa. Bọ́ọ̀dù tí bàbá bàbá mi torí rẹ̀ sùn nínú igbó, ìjọba fagi lé e ní 1986. Mo rí i pé mo ti dá kékeré kan sílẹ̀ fúnra mi.

Nítorí náà, ìdáhùn tí mo fún ọmọ mi ni pé ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹyọ kan. Òṣìṣẹ́ ni wá ní Bahra, onílẹ̀ ni wá ní Àkànrán, ọmọ ọmọ Àgbẹ́kọ̀yà ni wá ní ìtàn. Ẹni tí ó ń sunkún pé wọ́n rẹ́ òun jẹ níhìn-ín, kí ó lọ yẹ ìwé owó rẹ̀ wò ní ilé: ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé tí a kọ́, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ń tọ́jú ìyá wa, ẹni tí ó ń ro oko wa. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Mo tẹ àbúrò mi láago padà. A ti fi ẹnu kò pé láti ìkórè tí ó tẹ̀lé e, ìdajì ni tirẹ̀, ìdajì ni tiwa, a ó sì jọ máa san owó oògùn. Àbúrò mi ní kí ni ó fà á tí mo fi yí ọkàn padà. Mo ní ọmọ mi ni ó yẹ ìwé mi wò.